Ọkọ̀ tí a kò ya àwòrán rẹ̀: Ìtàn ọkọ̀ gbígbẹ́ àti ọkọ̀ kíkàn ní ẹ̀bá odò Ògùn, láti Ìṣẹ̀rì dé Agbóyì

Ohun tí mo gbé wá síwájú yín kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba àti ogun yóò yọjú nínú rẹ̀. Ìtàn ohun èlò kan ni, èyí tí ó ru ọba, tí ó ru ogun, tí ó ru epo pupa àti òwú, tí ó sì ń ru àwọn ará Agbóyì lọ sí Kétu títí di àkókò wa yìí. Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń wí: èyí tí ẹnì kan tàbí ẹni méjì-mẹ́ta fi ọwọ́ ara wọn ṣe ní ẹ̀bá ilé wọn, tí wọn kò ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, tí wọn kò sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó ti di àṣà nínú àwọn ìwé ìtàn wa kí a máa sọ pé irú ọkọ̀ tí àwọn baba ńlá wa lò náà ni àwọn ará ìpadò ṣì ń lò, bí ẹni pé ohunkóhun kò yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èrò yìí ni mo fẹ́ takò. Àlàyé mi ni pé ọkọ̀ tí ń ná odò Ògùn àti ọ̀sà Èkó ti yí padà ní ìrísí, ní igi tí a fi ṣe é, àti ní ọ̀nà tí a gbà ṣe é, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí Òyìnbó ti gba Èkó. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ni ó yí i padà. Ẹni tí ó bá pe iṣẹ́ wọn ní àṣà àtijọ́ lásán ti gba làákàyè wọn lọ́wọ́ wọn, ó sì ti fi ọwọ́ nìkan sílẹ̀ fún wọn.

Kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí a dúró sí. Odò Ògùn ṣàn wá láti agbègbè Ṣakí ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìṣẹ̀rì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń pè ní Mile 12 lónìí, lẹ́yìn náà ni ó fọ́nká sínú àbàtà, tí ó sì wọ inú ọ̀sà ní ìtòsí Agbóyì àti Májídùn. Ilẹ̀ Kétu, Ìkòsì, Mile 12 àti Agbóyì wà nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Ní ọdún 2003 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yọ àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè Agbóyì-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹ̀rì jáde láti ara rẹ̀. Ìkòsì yìí kì í ṣe Ìkòsì ti Ẹ̀jìnrìn ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Mo sọ èyí nítorí pé ẹni tí ó bá ń ka ìwé nípa ọ̀sà lè tètè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ẹni tí ó bá jókòó sínú mọ́tò ní ọ̀nà Ìkòròdú yóò rò pé ilẹ̀ ọjà àti ilẹ̀ mọ́tò nìkan ni gbogbo àyíká yìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní Kétu, tí ó yà sí apá ọ̀tún, tí ó sì ń rìn lọ, kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan omi. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ ènìyàn.

Omi yìí ti wà nínú ìtàn àwọn Àwórì kí ìwé tó dé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé Ògúnfúnminírè, tí a ń pè ní Ọlọ́fin, fi àwo kan lé orí omi, ó ń tẹ̀ lé e ní ẹ̀bá odò, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Àwo rì, orúkọ ẹ̀yà sì ti ibẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti jiyàn púpọ̀ lórí ìgbà tí èyí lè ṣẹlẹ̀, n kò sì ní dá sí iyàn náà níhìn-ín. Ohun tí ó kàn mí ni pé àwọn tí ó ń sọ ìtàn yìí mọ̀ pé odò ni ọ̀nà, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí ó léfòó ń bá ìṣàn lọ títí yóò fi dé ibi tí omi bá ti yí. Ẹni tí kò gbé ẹ̀bá odò kì yóò ronú àti fi irú àmì bẹ́ẹ̀ wá ilé.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní apá ibí yìí ni ọkọ̀ agbẹ́, èyí tí a fi odidi igi kan ṣe. Iṣẹ́ náà pẹ́ ní ilẹ̀ wa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan tí ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Yobe nígbà tí ó yá, kan igi líle nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Maiduguri àti láti Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì hú u jáde ní 1994, ọkọ̀ agbẹ́ ni wọ́n rí, gígùn rẹ̀ tó mítà 8.4, a sì ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ sí bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún. Dufuna jìnnà sí Mile 12, a kò sì gbọdọ̀ so àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé baba àti ọmọ ni wọ́n. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ó pẹ́ gan-an tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí ti mọ bí a ti ń gbẹ́ igi kí ó tínrín, kí orí àti ìdí rẹ̀ mú ṣónṣó, kí ó sì gba omi kọjá láìyí dànù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ọmọ ilẹ̀ Potogí, kọ ìwé nípa etí òkun wa. Ó mẹ́nu kan odò Èkó àti ìlú ńlá Ìjẹ̀bú tí yàrà yí ká. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ ní ìlà-oòrùn, ó sọ pé ọkọ̀ tí ó rí níbẹ̀, igi kan ṣoṣo ni a fi gbẹ́ ẹ, àwọn mìíràn nínú wọn sì lè gba ọgọ́rin ènìyàn.

Báwo ni a ti ń gbẹ́ ẹ? Nínú igbó ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a wá igi tí ó ga, tí kò wọ́, tí inú rẹ̀ kò sì ní ihò. Àràbà wọ́pọ̀ fún ọkọ̀ ńlá nítorí pé ó tóbi, ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, bí kò tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó rà. Ìrókò àti ọ̀gànwó wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jọ́. Níbi tí igi bá wó sí ni wọ́n ti ń fún ìta rẹ̀ ní ìrísí, kí wọ́n lè dín ìwúwo rẹ̀ kù kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ sí etí omi. Ààké ni wọ́n fi ń ṣí inú rẹ̀. Iná díẹ̀díẹ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti jó inú igi náà. Ààké kékeré tí ojú rẹ̀ dábùú ni wọ́n sì fi ń ha èédú kúrò títí inú yóò fi dán. Lẹ́yìn èyí ni apá tí ó ṣòro jù. Wọn a bomi sínú rẹ̀, wọn a yá iná sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí igi bá ti ń gbóná tí ó sì ń rọ̀, wọn a máa fi ọ̀pá ìdábùú ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sẹ́yìn kí inú ọkọ̀ lè fẹ̀ ju bí igi náà ti fẹ̀ nígbà tí ó wà lóòró. Bí iná bá pọ̀ jù, igi yóò sán. Bí kò bá tó, kò ní tẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè bàjẹ́ láàárín wákàtí kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí ń gbẹ́ ọkọ̀ ń yọ kúrò ni, kò ń fi kún. Ohun tí ó bá gé, kò lè dá a padà. Nítorí náà odidi ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà ní orí rẹ̀ kí ààké tó kan igi: bí yóò ti gùn tó, ibi tí yóò ti fẹ̀ jù, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò ti tẹ́ tó. Arkimédíìsì, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì, ni ayé mọ̀ mọ́ òfin pé ohun tí ó léfòó ń ti omi tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀ kúrò ní àyè. Agbẹ́kọ̀ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá tẹ́ nísàlẹ̀, ó ń gbé ẹrù lórí omi tí kò jìn. Pé bí ó bá tóóró, ó ń yára ṣùgbọ́n ó ń mì. Pé bí igi bá nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò jẹ àyè ẹrù. N kò rí ìdí tí a fi ní láti pe ìmọ̀ kan ní sáyẹ́ǹsì, kí a sì pe èkejì ní àṣà.

Odò Ògùn jẹ́ ọ̀nà ọjà pàtàkì ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó ní òpin oṣù Kejìlá 1851, tí Kòsọ́kọ́ sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọjà Abẹ́òkúta yí ojú sí Èkó. Epo pupa àti òwú ń gba odò Ògùn sọ̀kalẹ̀; aṣọ, iyọ̀ àti ìbọn ń gòkè. Ojú odò yìí kan náà ni Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, gbà dé Abẹ́òkúta ní 1859, ní ọdún tí òun àti Martin Delany bá Aláké ṣe àdéhùn nípa ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú tí ó bá fẹ́ padà wálé láti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó ń bínú sí ara wọn ní àwọn ọdún 1860, ohun ìjà kan tí Ẹ̀gbá mú lò ni pé kí wọ́n ti ojú odò àti ọ̀nà pa. Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́ sì lágbára nítorí pé ọkọ̀ ogun rẹ̀, tí àgbá kéékèèké wà níwájú wọn, ń káàkiri orí ọ̀sà. Ọwọ́ ẹni tí ó ní ọkọ̀ ni ọjà wà.

Síbẹ̀ ẹ lọ wo ìwé àwọn àlùfáà àti ti àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ìròyìn ọjọ́ tí wọ́n fi wà lójú omi, wọ́n kọ ìròyìn ẹ̀fọn àti òjò, wọ́n kọ bí àwọn atukọ̀ ṣe ń jà lórí owó. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n jókòó sí ṣọ̀wọ́n. Àwa náà tí a tẹ̀ lé wọn kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Robert Smith, onímọ̀ ìtàn tí ó kọ́ni ní ilẹ̀ wa, tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ nípa ọkọ̀ nínú ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 1970, ó la ọ̀nà tuntun, nítorí pé ó bèèrè irú igi, ìtóbi, ọ̀pá àti àjẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní ọ̀nà náà kò pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ ẹrù àti ọ̀rọ̀ ogun ni ó rọrùn láti rí nínú àkójọ ìwé ìjọba. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ oníṣẹ́ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1900. Ọ̀pọ̀ ìwé parí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ odò Ògùn síbẹ̀, nítorí pé ẹrù Abẹ́òkúta kúrò lórí omi. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà ti dùn jù. Ohun tí ọkọ̀ pàdánù ni ẹrù ọ̀nà jíjìn. Ẹja, igi ìdáná, iyanrìn, ẹrù ọjà àti ènìyàn láti ibùdó kan sí èkejì ṣì wà. Ọkọ̀ tí ó ń gbé epo láti Abẹ́òkúta kì í ṣe irú ọkọ̀ tí apẹja kan ṣoṣo nílò ní Agbóyì. Àyípadà iṣẹ́ bí àyípadà ọkọ̀.

Àyípadà àkọ́kọ́ ni pé ọkọ̀ onípákó gba ipò ọkọ̀ agbẹ́. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn agbẹ́kọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí a ti ń kan pákó mọ́ etí ọkọ̀ agbẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ga sí i. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ agbẹ́ nísàlẹ̀, ó jẹ́ onípákó lókè. Láti ibẹ̀ dé orí ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ pákó, ìgbésẹ̀ kan ni, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ńlá ni. Àwọn igi ńlá inú igbó ń tán, èyí tí ó sì kù di ohun tí àwọn oníṣòwò gẹdú ń wá fún ilẹ̀ òkèèrè. Ní àkókò kan náà ayùn àti ìṣó irin pọ̀ ní Èkó. Àwọn Àgùdà tí ó padà dé láti Brazil ti sọ iṣẹ́ káfíńtà di iṣẹ́ iyì ní ìlú náà láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mo sì rò pé a kò tíì wádìí tó nípa ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ kọ́ lára àwọn oníṣẹ́ ilé. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ ìlagi tò sí etí ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́tà, ní Oko-Bàbá. Gẹdú tí a dì pọ̀ bí ẹní ń léfòó wá láti ìhà Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, orí omi ni ó sì gbà dé ẹnu ayùn. Ẹni tí ó bá ti rí èyí rí, bóyá láti orí Afárá Kẹta tí a ṣí ní 1990, yóò mọ̀ pé omi yìí ni ó gbé igi wá, òun náà ni yóò sì gbé pákó rẹ̀ lọ.

Wo bí iṣẹ́ náà ti yàtọ̀. Akankọ̀ ń fi kún ni, kò ń yọ kúrò. Ó lè ṣe é lẹ́yìn ilé rẹ̀, láìwọ inú igbó, pẹ̀lú ayùn, òòlù, ìfági àti okùn. Ó ń kọ́kọ́ tẹ́ pákó ìsàlẹ̀, méjì tàbí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń ká orí àti ìdí wọn sókè díẹ̀. Ó ń to igi tí ó dà bí egungun ìhà sí i, ó sì ń tẹ pákó ẹ̀gbẹ́ mọ́ wọn láti àárín lọ sí orí. Okùn ni ó fi ń fà wọ́n kí wọ́n lè tẹ̀. Ojú ni ó fi ń wò bóyá apá ọ̀tún bá apá òsì mu. Ojú ìpàdé pákó ni ewu wà. Òwú tàbí àkísà ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀, wọn a sì fi ọ̀dà dí i. Lẹ́yìn èyí wọn a gbé e sínú omi, wọn a sì jẹ́ kí ó mu omi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yóò jò. Nígbà tí pákó bá wú tán, tí ọ̀kan ti mọ́ èkejì, jíjò náà yóò dínkù. Ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá ọkọ̀ tí kò ní àléébù padà fún oníṣẹ́.

Kò sí ohun tí ó fi hàn jù báyìí lọ pé ọgbọ́n titun ni èyí. Ìmọ̀ iná àti ààké kò ṣe àǹfààní púpọ̀ fún ẹni tí ó ní láti ronú nípa ibi tí pákó méjì ti pàdé. Ìtóbi igi kì í ṣe ààlà mọ́. Bí ọkọ̀ bá gbọ́dọ̀ fẹ̀ láti ru iyanrìn, a ó fi pákó kan kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ awayanrìn orí ọ̀sà, tí òmíràn nínú wọn ń lo ìgbòkun aṣọ rírán, kò lè jáde láti inú igi kan ṣoṣo. Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn tí ó tẹ̀dó sí etí ọ̀sà wà lára àwọn tí iṣẹ́ yìí dá lójú jù lọ, ọwọ́ wọn sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń ná omi Èkó ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Èkó fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ohun tí a bá fi wé òmíràn ni a ń rí dáadáa. Àwọn Inuit tí ń gbé ilẹ̀ yìnyín ní Greenland, ní àríwá Kánádà àti ní Alaska kò ní igi ńlá rárá. Igi tí òkun bá gbé wá sí etíkun ni wọ́n fi ń ṣe egungun ọkọ̀, awọ ẹran òkun tí àwọn obìnrin rán pọ̀ ni wọ́n sì ń fi bò ó. Kayak ni orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ ọdẹ ni, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń wọ inú rẹ̀. Ara ẹni tí yóò lò ó ni ìwọ̀n: gígùn rẹ̀ a máa tó ìnà apá rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, fífẹ̀ rẹ̀ a máa jẹ́ ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ pẹ̀lú ìkúùkù méjì. A ń wọ̀ ọ́ bí aṣọ. Kò sí àwòrán níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí Òyìnbó gba ọkọ̀ yìí lò fún eré ìdárayá, àwòrán wọ inú ọ̀rọ̀. John MacGregor, agbẹjọ́rò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kí wọ́n kan ọkọ̀ kékeré kan fún òun ní 1865, ó pè é ní Rob Roy, ó fi rin àwọn odò Yúróòpù, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìwé ìròyìn Daily Mirror ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan jáde tí Jack Holt àti Barry Bucknell ṣètò. Pákó pẹlẹbẹ tí a lẹ̀ pọ̀ ni a fi ṣe é. Ẹni tí ó bá rà á yóò fi wáyà bàbà rán pákó náà mọ́ ara wọn nínú ilé rẹ̀, yóò sì fi aṣọ onígíláàsì àti oje líle lẹ ojú ìpàdé wọn. Èyí tí a ti kàn nínú wọn lé ní 70,000. Ọ̀nà rírán yìí kan náà ni àwọn tí ń kan kayak nínú ilé ń lò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Kétu bá gba àwòrán láti òkèèrè, tí ó ra pákó pẹlẹbẹ àti oje, tí ó sì kan kayak lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ń kan ọkọ̀ nínú ilé ní àdúgbò náà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹlòmíràn ti ronú fún un ṣáájú. Akankọ̀ Agbóyì ń ronú fún ara rẹ̀, omi tí yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ sì wà níwájú ilé rẹ̀ bí ó ti ń ronú.

Àyípadà kejì ni ti ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tí ọ̀pá tàbí àjẹ̀ ń gbé lọ lè ní ṣónṣó ní orí àti ní ìdí. Ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ fẹ́ ibi líle tí yóò jókòó sí, ó sì ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú agbára tí kò sí ní apá ènìyàn. Ìdí ọkọ̀ di pẹrẹsẹ, ó nípọn, a sì fi igi kún igi níbẹ̀. Orí ọkọ̀ ga sí i nítorí ìgbì tí eré rẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ tí a kàn fún àjẹ̀ ń wá ìjàǹbá, ó sì yẹ kí a sọ òtítọ́: àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń kó èrò kọjá ìwọ̀n, àwọn kan sì ń lo pákó tí ó ti rà. Mo ń yin iṣẹ́ àwọn akankọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí rẹ̀ sọ pé gbogbo ọkọ̀ onípákó ni ó dára. Iṣẹ́ tí a kò lè dá lẹ́bi, a kò lè yìn ín pẹ̀lú.

Omi fúnra rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Ní 1984, èpò orí omi tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò gba ìhà Bàdágírì wọ inú omi Èkó. Ó ń bo ojú odò, ó ń dí ọ̀nà mọ́ àjẹ̀ àti mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọdún kan ṣáájú èyí ni a ṣí ìsédò Ọyán, lórí odò tí ń ṣàn sínú Ògùn. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí a sì tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, ìsàlẹ̀ odò ni ó ń kún. Ní oṣù Kẹwàá 2010, omi bo ilé ní Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Ìkòròdú, ní Àgílítì àti ní àwọn àdúgbò mìíràn ní ìtòsí Mile 12. Àwọn ènìyàn sá fi ilé sílẹ̀, ọkọ̀ ni wọ́n sì fi ń kó ẹrù jáde láti ojú títì tí mọ́tò ń gbà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Irú ọkọ̀ wo? Ọkọ̀ onípákó ni, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, tí ó lè rìn lórí omi tí kò ju orúnkún lọ. Kò sí ọkọ̀ ìjọba tí ó lè wọ àárín ilé méjì bí irú èyí.

Èyí ni ó mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan òfin. Ní 1997 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí ń bójú tó ojú omi abẹ́lé sílẹ̀. Ní 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jà fún ọdún púpọ̀ lórí ẹni tí ó ní àṣẹ láti fún ọlọ́kọ̀ ní ìwé, títí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dájọ́ ní oṣù Kìíní 2024 pé ti ìjọba àpapọ̀ ni àṣẹ náà. Nínú gbogbo ẹjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gba owó ni ó ga jù. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kan ọkọ̀ kò dún síta. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò lè ṣe kí ó má bèèrè ìwọ̀n: gígùn, fífẹ̀, jíjìn, iye ẹrù. Akankọ̀ ní gbogbo rẹ̀ ní apá àti ní ojú. Bí kò bá lè fi wọ́n hàn lórí ìwé, ọkọ̀ oníke líle tí a rà wá láti òkèèrè pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ni a ó pè ní ọkọ̀ gidi, a ó sì pe tirẹ̀ ní ìyókù ayé àtijọ́. Bákan náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣètò láti kó àwọn onílagi Oko-Bàbá lọ sí Àgbọ̀wá. Ìpinnu náà lè ní àǹfààní fún ìlú, ṣùgbọ́n ó ń mú pákó jìnnà sí ẹni tí ó ń kan ọkọ̀ ní Agbóyì.

Ohun tí yunifásítì lè ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dájú. Kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti ti ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ pọ̀, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn kò tó. Kí wọ́n na okùn láti orí ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, kí wọ́n sàmì sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọn fífẹ̀ ọkọ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ní ojú àmì kọ̀ọ̀kan, àti bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ga tó. Láti inú àwọn nọ́ńbà yẹn ni a ti lè ya àwòrán tí akankọ̀ kò yà, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i, bí òun bá fẹ́. Kí wọ́n bèèrè irú igi tí ó wà nísàlẹ̀ àti irú èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé wọn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ sílẹ̀ bí akankọ̀ ti pè é gẹ́lẹ́, kí wọ́n má ṣe tún un ṣe sí Yorùbá inú ìwé. Ohun tí Ìlàjẹ ń pe pákó ìdábùú lè má jẹ́ ohun tí Àwórì ń pè é, Ègùn sì ní tirẹ̀. Ibi tí orúkọ mẹ́ta bá ti wà fún igi kan ṣoṣo ni kí wọ́n ti pẹ́ díẹ̀, kí wọ́n bèèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ mú un dé, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí òun náà ti kọ́ ọ.